Àwọn Tí Wọ́n Bí Lọ́jọ́ Kìíní Ọdún

"Pa gbogbo wọn rẹ́," ni Àlàájì Sàkàrìyáù wí, ó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà. "Gbogbo ẹni tí wọ́n kọ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní fún gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìbí. Orúkọ èké ni wọ́n. Àbí ọjọ́ kan náà ni gbogbo ìyá wọn rọbí?"

Muhsinah rẹ́rìn-ín. Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín? Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Àlàájì ni wọ́n wà, ní ọjà Bouaké lórílẹ̀-èdè Ivory Coast, táyà alùpùpù yí wọn ká. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Muhsinah, ó wà ní kíláàsì ìkẹyìn ní lísè, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì mọ kọ̀ǹpútà débi pé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá ìlú náà fi àkójọ orúkọ wọn lé e lọ́wọ́. Inú ìwé kọ́ ni àkójọ náà wà mọ́. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà, nínú kọ̀ǹpútà ńlá kan lókè òkun, ẹni tó bá sì mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé lè ṣí i níbikíbi. Báàsì ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú báàsì ló lè dìbò, òun ni ẹgbẹ́ ń bá sin òkú, òun ni ẹgbẹ́ ń jẹ́rìí fún bí wọ́n bá bi í ní ọ́fíìsì ìjọba pé ta ló mọ̀ ọ́n.

Ìdọ̀tí pọ̀ nínú báàsì yẹn, ká má parọ́. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já nígbà tí ẹnì kan ń forúkọ sílẹ̀, á tún un tẹ̀, á tún un tẹ̀, títí á fi di ẹni mẹ́ta. Akọ̀wé kan tiẹ̀ ti fi orúkọ àgbò rẹ̀ dán an wò rí, àgbò náà sì di ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ ìkíni Iléyá. Irú wọn ni Muhsinah ti ń pa rẹ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kì í ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Á sọ irú èyí tó fẹ́, báàsì á kó wọn jọ, á tẹ bọ́tìnnì kan, gbogbo wọn á pòórá lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sì sí ibi tí èèyàn ti lè lọ hú wọn jáde lẹ́yìn náà.

"Ìbò ń bọ̀," ni Àlàájì tún wí. Òun ni olórí ẹgbẹ́, ó sì fẹ́ kí oyè náà ṣì wà lọ́wọ́ òun. "Àwọn tó fẹ́ fi èrú gbé Ọlábọ̀dé tó ń bá mi du oyè wọlé ló kó àwọn orúkọ yẹn síbẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Èmi ò mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Àmọ́ tí o bá yege ìdánwò àṣejáde BAC, ta lo ní ní Abidjan? Ilé àbúrò mi lo máa gbé. Wàá kọ́ informatique rẹ, o ò ní ronú ibi tí o máa sùn."

Inú Muhsinah dùn. Kò sóhun tó fẹ́ láyé yìí ju Abidjan àti iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ, kò sì ní ìbátan kankan níbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì. Àmọ́ ó ní àṣà kan: kó tó ní kí báàsì pa nǹkan rẹ́, á kọ́kọ́ ní kó fi nǹkan náà han òun. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe wàhálà yẹn. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í tò sílẹ̀. Ó ka ìkíní, ó ka ìkejì, ó dé orí ìkẹta, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Tàwàkálítù ni. Ìyá àgbà tó ń ta àgádágodo àti tọ́ọ̀ṣì lọ́jà, tó pọ̀n Muhsinah sẹ́yìn ní kékeré nígbà tí àìsàn dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀. Èké kẹ̀?

"Àlàájì, ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀ lọ́la," ni ó wí, ó sì pa kọ̀ǹpútà náà dé.

Nígbà tí wọ́n jáde ní lísè lọ́jọ́ kejì, ó wọ wóró-wóró, takisí àjùmọ̀wọ̀, ó di àdúgbò Ahougnansou. Ó bá Tàwàkálítù níwájú ilé, ó ń fi epo nu àgádágodo tó ti dípẹtà.

"Ẹ káàsán mà. Ìyá, ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín?"

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ta ló mọ̀ ọ́n? Ghana ni wọ́n bí mi sí. Lọ́dún 1969, ìjọba ibẹ̀ ní kí gbogbo àlejò tí kò níwèé jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Mo ṣì kéré, ìyá mi gbé ìkòkò rù mí. Nígbà tí a dé ibí, akọ̀wé kan béèrè ọjọ́ ìbí mi. Ìyá mi ní ìgbà tí wọ́n ń kórè kòkó ni. Akọ̀wé ò rí ìgbà kòkó nínú kàlẹ́ńdà tiẹ̀, ló bá kọ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní. Ó kọ ọ́ fún mi, ó kọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó kọ ọ́ fún gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn wa. Ọjọ́ kan náà ló bí gbogbo wa!"

Muhsinah ò lè bá a rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ti yé e. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo, gbogbo àwọn tó ti Ghana wá á pòórá. Ó rò pé Àlàájì ṣàṣìṣe ni, ó sì sáré lọ sọ fún un kó tó di pé ilẹ̀ ṣú.

"Mo mọ̀," ni Àlàájì wí.

"Ẹ mọ̀ kẹ̀, sà?"

"Bi wọ́n léèrè agbo ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí a ti wá. Ìdajì wọn ò mọ̀ ọ́n. Ọlábọ̀dé ni gbogbo wọn ń tẹ̀lé. Ẹgbẹ́ wa kọ́ ni ẹgbẹ́ wọn."

Inú bí Muhsinah. "Ní lísè, Ànàgó ni wọ́n ń pe gbogbo wa. Kò sẹ́ni tó bi mí rí bóyá Ànàgó Ghana ni mí tàbí Ànàgó Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin lẹ wá fẹ́ pín wa? Mi ò ní pa wọ́n rẹ́."

"Ẹnu ẹ ti mú jù," ni Àlàájì wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Lọ bi bàbá ẹ ta ló gbà á síṣẹ́."

Sọ̀fíyù, bàbá Muhsinah, ló ń ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù Àlàájì. Ìròyìn ti dé etí rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó délé. "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ kó lé mi ni?" ló bi í. Muhsinah kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ kó má bínú, ó ní òun á bá a ta ọjà lójú títì bó bá di dandan, àmọ́ òun ò ní tẹ bọ́tìnnì yẹn. Bàbá rẹ̀ mú fìlà rẹ̀, ó sì jáde lọ. Ìyẹn dun Muhsinah ju ìhàlẹ̀ Àlàájì lọ.

Malick ò jẹ́ kó sinmi ní lísè. Kíláàsì kan náà ni wọ́n, ọmọ ẹ̀gbọ́n Àlàájì sì ni Malick. "Tẹ̀ ẹ́ jàre," ló wí. "C'est rien! Kò tó nǹkan. Ta ló máa rí ọ? Àbí kí o fún mi ní ọ̀rọ̀ ìwọlé. Èmi á tẹ̀ ẹ́, èmi á lọ sí Abidjan."

"Máa lọ sí Abidjan ẹ," ni Muhsinah dá a lóhùn. "Ọ̀rọ̀ ìwọlé ò ní bá ọ lọ."

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ ṣèpàdé ní àdúgbò Sokoura. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àlàájì dìde, ó ní àwọn orúkọ èké ti pọ̀ nínú báàsì, pé Muhsinah máa fún Malick ní ọ̀rọ̀ ìwọlé nísinsìnyí kí ó lè gbá wọn dànù. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ó gbà pé kò sí ọmọdé tó jẹ́ kọ̀ fún àgbà láàárín àwùjọ.

Muhsinah gbé kọ̀ǹpútà lọ síwájú. Ó so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri, àwọn orúkọ náà sì jáde gbàràgàdà, pẹ̀lú ọjọ́ kìíní oṣù kìíní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nísàlẹ̀, báàsì ń béèrè lédè Faransé bóyá kó pa gbogbo wọn rẹ́ títí láé.

"Àwọn tí Àlàájì pè ní èké nìyí," ni ó wí. "Mi ò ní pa wọ́n rẹ́, mi ò sì ní fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ ìwọlé kó lọ pa wọ́n rẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo ti ṣí i sílẹ̀. Àlàájì, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, lójú wọn."

Ariwo sọ. "Ọmọ yìí ya aláfojúdi!" ni àwọn kan ń pariwo. Àwọn mìíràn ti ń ka ògiri, wọ́n ń rí orúkọ ara wọn. Tàwàkálítù dìde láàárín wọn. Ó ju Àlàájì lọ lọ́jọ́ orí, kò sì pè é ní Àlàájì.

"Sàkàrìyáù, orúkọ mi ni ìkẹta yẹn. Tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti lé mi rí, mo ru ìkòkò kúrò ní Ghana. Mi ò ní ru nǹkan kan kúrò níbí. Mo dúró, mo ń wò ọ́. Tẹ̀ ẹ́!"

Ọkùnrin kan dìde lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin kan dìde, títí gbogbo ọwọ́ òsì gbọ̀ngàn fi wà lórí ìdúró. Wọ́n kàn ń wo Àlàájì ni.

Àlàájì ò kúrò níbi tó wà. "Malick, lọ tẹ̀ ẹ́," ni ó wí.

Malick rìn lọ síwájú, ó na ọwọ́ sí bọ́tìnnì. Ó gbójú sókè, ojú òun àti Tàwàkálítù sì ṣe mẹ́rin. Ó fa ọwọ́ padà bí ẹni tí iná jó. "Tọ́ntọ́n, ẹ forí jì mí," ló wí fún Àlàájì, "mi ò lè ṣe é."

Àlàájì wo àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń wo bàtà rẹ̀, òmíràn ń wá nǹkan nínú àpò tó ṣófo. Ìgbà náà ni Sọ̀fíyù gbé àga rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó sì jókòó. Muhsinah fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Kò sunkún ṣá. Ó nawọ́, ó pa ìbéèrè náà rẹ́ kúrò lára ògiri, àwọn orúkọ sì wà níbẹ̀ digbí.

Kó tó di pé ìpàdé tú, wọ́n fẹnu kò pé láti ọjọ́ yẹn, kò sí orúkọ tí ẹnikẹ́ni máa pa rẹ́ láìkọ́kọ́ pe ẹni tó ni ín kí wọ́n sì bi í léèrè.

Ẹ má rò pé gbogbo nǹkan wá dùn bí oyin. Àlàájì lé Sọ̀fíyù lẹ́nu iṣẹ́. Lórí tábìlì lẹ́bàá títì ló ti ń ta ẹ̀yà alùpùpù báyìí, Muhsinah sì ń bá a tà á bó ti ṣèlérí. Wọ́n gba báàsì lọ́wọ́ rẹ̀, yàrá Abidjan sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àlàájì tiẹ̀ tún wọlé nínú ìbò náà, ìbò díẹ̀ ló fi ju Ọlábọ̀dé lọ. Àmọ́ gbogbo ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ kìíní ọdún ló dìbò, Tàwàkálítù ló sì kọ́kọ́ dé ibẹ̀.

Lọ́jọ́ tí èsì BAC jáde, Muhsinah yege. Malick wá bá a nídìí tábìlì bàbá rẹ̀. "Ká ní o tẹ̀ ẹ́ ni, Abidjan lò bá máa lọ," ló wí. "O ò kábàámọ̀ ọ́n ni?"

"Yunifásítì wà ní Bouaké níbí," ni Muhsinah dá a lóhùn, ó ń nu eruku kúrò lára ọjà. "Gbọ́, Malick. Ó rọrùn láti pa ẹgbẹ̀rún èèyàn rẹ́ tí o ò bá rí ojú ẹnì kankan nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rán wa níṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá tún rán mi, bó jẹ́ àgbà, bó jẹ́ ọ̀gá, bó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni oúnjẹ mi wà, ohun kan náà ni màá sọ fún un: kó wá tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀."