Omi Tí Tiwaladé Dànù

"Tiwaladé, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín, Mọ́mì."

Ó ń gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù. Mọ́ṣádé, ìyá rẹ̀, ti di gàrí sẹ́yìn ọ̀kadà, ó fẹ́ lọ tà á ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó nawọ́ sí abẹ́ jáàkì tí wọ́n fi ń fún ẹ̀gẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ìmùṣin. Omi tó ń kán láti inú àpò ẹ̀gẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún bàsíà.

"Da omi yẹn sí kòtò kó o tó tú Dúdúyẹmí sílẹ̀. O mọ̀ pé májèlé ni fún ẹran."

"Màá dà á, Mọ́mì."

Dúdúyẹmí ni ewúrẹ́ wọn. Bàbá Tiwaladé ló rà á kó tó kú. Oyún inú rẹ̀ ti tó bí, wọ́n sì fẹ́ tà á tọmọtọmọ kí Tiwaladé lè fi owó rẹ̀ san owó ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì.

Jessica, ọ̀rẹ́ Tiwaladé, ló fi géèmù kan ránṣẹ́ sí i. Ayé àjèjì ni wọ́n ń wọ̀ nínú rẹ̀: ilé tí kò ní òrùlé, igbó tí igi rẹ̀ jẹ́ irin. Èèyàn á máa fọwọ́ tẹ nǹkan kọ̀ọ̀kan títí yóò fi rí èyí tó máa ṣí ilẹ̀kùn ayé tó kàn. Yàrá kan ni Tiwaladé há sí. Tábìlì kan àti àwo omi kan ló wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì ṣí. Jessica ti kọjá ibẹ̀ lánàá, ó sì ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tó.

Òùngbẹ ń gbẹ ewúrẹ́ lábẹ́ igi tí wọ́n so ó mọ́. Ó ké títí, ó sú Tiwaladé.

"Ìwọ ewúrẹ́ yìí, ṣé ìwọ náà fẹ́ ṣe géèmù ni?"

Ó dìde, ó tú okùn rẹ̀. Ó rí bàsíà omi náà. Yóò dà á, kó kàn jáde nínú yàrá inú géèmù yìí ná. Ó padà jókòó. Igbe dákẹ́, ara sì tù ú.

Nígbà tó yá, ó tẹ àwo omi inú géèmù náà, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omi dànù. Kọ́kọ́rọ́ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀!

"Mo ti rí i!" Ó fò sókè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ti sọ sí i lọ́kàn.

Omi bàsíà ti lọ sí ìdajì. Dúdúyẹmí ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ta ẹsẹ̀, ìfófòó bò ó lẹ́nu. Igbe Tiwaladé ni Ìyá Fálẹ́yẹ, aládùúgbò wọn, gbọ́ tó fi gbé epo pupa sáré dé.

"Ya ẹnu rẹ̀ fún mi!"

Wọ́n da epo sí i lẹ́nu, epo ń ṣàn jáde. Tiwaladé gbé ọwọ́ lé ikùn ewúrẹ́ náà, ọmọ inú ṣì ń mira. Lẹ́yìn náà, kò mira mọ́.

"Màmá, ẹ tún dà sí i."

"Ó ti kú, ọmọ mi."

Nígbà tí Mọ́ṣádé dé, kò na ọmọ rẹ̀. Ó mú ọkọ́, nítorí ẹran tí májèlé pa kì í ṣe ẹran ọbẹ̀.

"Ìyá Tiwa," ni Ìyá Fálẹ́yẹ sọ, "à bá ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Èyí, àtomi àtagbè ló lọ."

Mọ́ṣádé ń gbẹ́lẹ̀. "Bàbá rẹ ló rà á," ni gbogbo ohun tó sọ fún ọmọ rẹ̀. Tiwaladé sunkún kíkorò. Ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kí ìyá rẹ̀ gbá a létí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, eré kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n bá ní ká kọ́kọ́ ṣe, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe é. Bí èèyàn bá kùnà nínú géèmù, wọ́n á ní kó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́mìí tó bá kú kì í tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí Jessica àti àwọn ẹgbẹ́ wọn wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ẹ̀gẹ́ ni Tiwaladé ń bó nílé. Kò sí ẹni tó rán an létí kó tó da omi abẹ́ jáàkì nù.