Ẹrù Tí Alárinà Kò Rí Ibi Sọ̀ Sí

Abẹ̀bẹ̀ ni Gbémiga kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọwọ́ tó mú un. Abẹ̀bẹ̀ pẹlẹbẹ ni, irú èyí tí àwọn ìyá ìjọ fi ń fẹ́ ara wọn lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀ níwájú àpótí irin dúdú kan tí iná wẹ́wẹ́ ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Obìnrin gíga, adúmáadán, ló ń fẹ́ ẹ. Gèlè rẹ̀ ti sún sẹ́yìn, òógùn sì wà ní ṣóńṣó imú rẹ̀. Ó ń bá àpótí náà sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ bí ẹni ń bẹ ọmọ pé kó jẹun.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta ni ara rẹ̀ kò yá?" Gbémiga béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

"Sáfà wa ni," obìnrin náà dáhùn láìwẹ̀yìn.

"Ṣé ibà ni?"

Ó wẹ̀yìn. Láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni Gbémiga ti ń to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ jọ, àmọ́ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló ń tún ṣe báyìí.

"Tó bá jẹ́ yẹ̀yẹ́ lẹ bá wá," obìnrin náà wí, "ibi tí ẹ gbà gòkè náà lẹ máa gbà sọ̀kalẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹnjiníà tí wọ́n ní ó ń bọ̀, ẹ wá tún un ṣe."

"Èmi ni, àǹtí."

"Ta ni àǹtí yín?"

Báyìí ni Gbémiga ọmọ Oda ṣe pàdé Ìbídùnní ọmọ Oǹdó, nínú yàrá kan lókè ilé iṣẹ́ Alàgbà Adébùsóyè, ní ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé, l'Ákùúrẹ́.

Oògùn ni ilé iṣẹ́ náà ń pín fún àwọn kẹ́míìsì. Sáfà yẹn, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gba iṣẹ́ tó sì ń jẹ́ ẹ, ló wà láàárín gbogbo wọn, ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń pè é ní Alárinà. Bí kẹ́míìsì kan ní Ìjàrẹ́ bá fẹ́ oògùn, á tẹ àtẹ̀jíṣẹ́, á fi àwòrán ìwé tí dókítà kọ sí i. Alárinà á gbà á, á gbé e sórí, á fi jíṣẹ́ fún sítọ́ọ̀ Alàgbà tó sún mọ́ ibẹ̀ jù. Bí sítọ́ọ̀ bá dáhùn pé "mo ti gbà á", Alárinà á gbé e kúrò lórí, ó parí.

Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe iṣẹ́ yìí láìsí wàhálà. Ìgbà tó di ọdún tí owó epo fò sókè lójú gbogbo wa, tí ẹni tó ní ọkọ̀ ń fẹsẹ̀ rìn, ẹ̀rọ amúlétutù di ohun tí wọ́n ń tàn fún wákàtí méjì péré lójúmọ́. Láti bíi ìgbà yẹn náà ni Alárinà ti ń dákú. Orí rẹ̀ á máa kún, á máa kún, títí yóò fi kú pátápátá. Wọ́n á tún un tàn. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Nígbà tó yá, ó di ojoojúmọ́. Gbogbo ènìyàn ní ooru ni, Ìbídùnní, tó ń tọ́jú rẹ̀, sì gbé abẹ̀bẹ̀.

Alàgbà ti sọ tirẹ̀. Bí Alárinà bá tún dákú lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, òun yóò gbé iṣẹ́ náà fún àwọn ará Èkó, Ìbídùnní yóò sì lọ sinmi nílé. Kò sí ẹni tó lè bá a wí. Ìyá àgbà kan l'Óda ti fi ọjọ́ mẹ́rin wá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tì. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ.

Gbémiga fọwọ́ kan ara àpótí náà. "Ara rẹ̀ tutù ju tèmi lọ," ó wí.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni àwọn méjèèjì fi jókòó ti ẹ̀rọ náà. Wọ́n ń wo ìlà kan lójú kọ̀ǹpútà tó ń sọ bí orí Alárinà ṣe ń kún sí. Ìbídùnní a máa mú àgbàdo sísè àti àgbọn wá, wọn a sì jọ pín in. Ní ọjọ́ kìíní, ó fi tirẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó fi ti Gbémiga sọ́hùn-ún. Ní ọjọ́ kẹta, inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́, "ẹ" sì ti di "o".

"Wò ó, Dúnní," Gbémiga wí. "Ooru máa ń lọ sílẹ̀ láàárọ̀. Ìlà yìí kì í sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, kì í sọ̀kalẹ̀ lálẹ́. Ẹrù kan wà lórí rẹ̀ tí kì í sọ̀."

"Ẹrù wo? Ojoojúmọ́ ni mò ń wo àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń dúró. Òdo ni. Gbogbo wọn ti jáde."

"Wọ́n ti jáde lóòótọ́. Ṣé ẹni tí wọ́n lọ bá jẹ́wọ́ pé òun gbà wọ́n?"

Ìbídùnní sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Kò wo ibẹ̀ rí. Gbémiga ṣí ojú ewé kejì, ti àwọn tí sítọ́ọ̀ kò tíì dáhùn. Ìjàrẹ́, òdo. Oda, ẹyọ kan. Àkúrẹ́, mẹ́ta. Oǹdó, ẹgbẹ̀rún méjì ó lé ọ̀ọ́dúnrún. Gbogbo wọn pẹ̀lú àwòrán wọn ni Alárinà gbé sórí, tó ń retí gbólóhùn kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá sì tún un tàn, á tún gbé gbogbo wọn rù padà kí òmíràn tó dé. Ìdí nìyẹn tó fi ń yára ṣubú sí i.

Gbémiga pàtẹ́wọ́. "A ti mú un! Ta ló wà ní sítọ́ọ̀ Oǹdó?"

Ìbídùnní gbé àgbàdo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá mi ni."

Gbémiga tún wo nọ́ńbà Oǹdó náà.

"Tí o bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tí o máa fún Alàgbà," Ìbídùnní wí, "wọ́n á lé e. Iṣẹ́ yẹn ló gbé e dìde lẹ́yìn tí màmá mi kú."

"Tí mi ò bá kọ ọ́, ìwọ ni wọ́n á lé."

"Kí wọ́n lé èmi."

"Mi ò lè parọ́, ìfẹ́ mi."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ, wọ́n sì ṣe bí ẹni pé wọn ò gbọ́.

"Ta ló ní kí o parọ́?" Ìbídùnní wí. "Mo ní kí á kọ́kọ́ lọ bá a."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Bàbá Ìbídùnní, Bàbá Rufus, ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún dáadáa. Ṣẹ́ẹ̀tì kakí rẹ̀ gan bí ìwé, ìwé ńlá mẹ́rin tò síwájú rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àlejò tí wọn ò tíì kí.

"Bàbá, ẹ kì í tẹ 'mo ti gbà á' mọ́?" ọmọ rẹ̀ bi í.

"Kí ni mo gbà?" Bàbá Rufus wí. "Nígbà tí epo ṣì ṣeé rà, ọlọ́kadà wa á gbé oògùn lọ, á gba ìwé lọ́wọ́ oníbàárà bọ̀, èmi á wá tẹ̀ ẹ́. Nísinsìnyí, gáréèjì ni à ń kó ẹrù sí, awakọ̀ á bá wa gbé e lọ. Ta ló ń bá mi gba ìwé bọ̀? Ọdún márùndínlógójì ni mo fi tọ́jú sítọ́ọ̀ ìjọba. Mi ò sọ rí pé ẹrù ti dé nígbà tí mi ò rí ìwé ẹni tó gbà á."

"Bàbá, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lèyí," Gbémiga wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ ni. Báyìí." Ó na ọwọ́ kọjá èjìká bàbá náà, ó sì tẹ ẹyọ kan.

Bàbá Rufus yọ awò ojú rẹ̀. "O fi orúkọ mi jẹ́rìí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Oògùn yẹn nìyẹn lórí pẹpẹ. Jáde."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́…"

"Ìbídùnní, mú ohun tí o mú wá lọ."

Wọ́n wọ ọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́. Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, Ìbídùnní wí pé, "Nípa ẹ̀rọ, o gbà á. Nípa bàbá mi, o ṣì í. Má wá lọ́la."

Gbémiga délé, ó ń bínú. Alágídí ni bàbá yẹn, ó wí nínú ara rẹ̀. Ó tún un wí lẹ́ẹ̀mejì, kò sì mú inú rẹ̀ dùn. Ó bá ṣí kọ̀ǹpútà, ó lọ wo ọ̀rọ̀ ìyá àgbà Oda yẹn. Sítọ́ọ̀ Oda ti tẹ "mo ti gbà á" ní ìṣẹ́jú kan péré lẹ́yìn tí àtẹ̀jíṣẹ́ dé. Alárinà gbé e kúrò lórí. Oògùn wà lórí pẹpẹ fún ọjọ́ mẹ́rin, kò sì sí ẹnikẹ́ni l'Ákùúrẹ́ tó mọ̀.

Gbémiga tún un kà. Nínú gbogbo àwọn sítọ́ọ̀ Alàgbà, ẹnì kan ṣoṣo ni kò parọ́ fún ẹ̀rọ náà, ẹni náà gan-an ni Gbémiga sì fi rẹ́rìn-ín.

Nílé ló ti ṣiṣẹ́ ní Ọjọ́rú láti àárọ̀ dalẹ́, ó sì kọ ọ̀rọ̀ Oda ránṣẹ́ sí Alàgbà. Ní Ọjọ́bọ̀, òun nìkan wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀, nínú iyanrìn, níṣojú àwọn oníbàárà.

"Ẹ̀yin lẹ jàre, sà. Èmi ni mo ṣì í."

"Dìde, o ń dínà," Bàbá Rufus wí. "Kí lo mú dání?"

Gbémiga fi hàn án. Bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà ti di méjì. Ọ̀kan ń sọ fún Alárinà pé àtẹ̀jíṣẹ́ ti dé sítọ́ọ̀, kó lè sọ ẹrù rẹ̀. Èkejì wà lọ́wọ́ kẹ́míìsì tó béèrè oògùn; òun fúnra rẹ̀ ni yóò tẹ̀ ẹ́ nígbà tí oògùn bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bí ọjọ́ méjì bá kọjá tí kò tẹ̀ ẹ́, Àkúrẹ́ yóò gbọ́.

Bàbá Rufus ka ohun tí wọ́n kọ sára bọ́tìnnì àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. "'Mo ti gbà á' kọ́. Kọ 'Mo ti rí ìwé náà.'"

Gbémiga yí i padà. Bàbá ṣí ìwé ńlá àkọ́kọ́ nínú èyí tó ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí, ó ń pe orúkọ ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, Gbémiga ń wò ó lójú kọ̀ǹpútà, bàbá sì ń fi ìka ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì fún ojú ewé náà lápapọ̀. Wọn ò tíì dé ìdajì ìwé kejì tí fóònù Gbémiga fi dún.

"Kí lò ń ṣe?" Ìbídùnní pariwo. "Ìlà yìí ń sọ̀kalẹ̀! Gbémiga, ó ń sọ̀kalẹ̀ bí omi!"

"Bàbá ni kí o bi."

"Níbo lo wà?"

"Ó wà ní sítọ́ọ̀ mi," Bàbá Rufus wí sínú fóònù. "Má pariwo sí wa létí, a ń ṣiṣẹ́."

Nígbà tí ìwé kẹrin parí, bàbá fúnra rẹ̀ pe Alàgbà Adébùsóyè. "Èmi Rufus ni. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó kún orí ẹ̀rọ yín, ọ̀dọ̀ mi ló ti wá. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín nígbà tí ọlọ́kadà dẹ́kun àtimú ìwé bọ̀, mi ò sọ. Ẹ̀bi mi nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ mi."

Ó tẹ́tí sílẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù sílẹ̀. "Ó ní kí n wá kọ́ àwọn ará Oda bí wọ́n ṣe ń tọ́jú sítọ́ọ̀."

Ọjọ́ Ẹtì kọjá, òmíràn tún kọjá, Alárinà kò dákú mọ́.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn èyí, Gbémiga mú bàbá tirẹ̀ lọ sí Oǹdó láti tọrọ ọmọ. Bàbá Rufus gbé omi fún wọn, ó jókòó, ó ń wo Gbémiga.

"Mi ò tíì dárí ọjọ́ yẹn jì ọ́."

"Mo mọ̀, sà."

"Bóyá mi ò sì ní dárí rẹ̀ jì ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ mi. Òun ló mọ ẹni tó wù ú. Ẹ lọ bi í."

Ìbídùnní wà níta lábẹ́ igi òro, ó ń ṣe bí ẹni tí kò retí ẹnikẹ́ni.

"Kí ni bàbá wí?"

"Ó ní òun ò dárí jì mí."

Ìbídùnní bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti gbà nìyẹn! Ọdún mọ́kànlá ni kò fi bá àlùfáà wa sọ̀rọ̀, òun náà ló sì ra páànù tó wà lórí ilé àlùfáà."

"Ìwọ ńkọ́? Yàrá kan ni mo ní o, Dúnní. Kò sí jẹnẹrétọ̀. Nǹkan ṣì le."

"Mo mọ̀ pé ó le. Ta ni kò le fún?" Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ Gbémiga mú ní gbangba, lójú gbogbo ará àdúgbò bàbá rẹ̀. "Àwa méjì la jọ máa wà níbẹ̀. Wá, jẹ́ kí á wọlé lọ sọ fún wọn."