Àròkọ Tí Wọ́n Ní Ẹ̀rọ Ló Kọ

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Tíṣà àti ọmọ rẹ̀ obìnrin jọ rẹ́rìn-ín wọ ọgbà ilé ìwé ni. Kíláàsì ìyá ni ọmọ wà. Bí wọ́n bá ti kọjá géètì báyìí, kò gbọ́dọ̀ sí màmá lẹ́nu ọmọ mọ́, kí aráyé má baà sọ pé ìyá ń ṣojúsàájú. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ aláṣejù, pẹ́rẹ́ níí tẹ́.

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ mú àròkọ kan ṣoṣo lọ síbi ìdíje. Ẹni tó bá yege níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ló máa kàwé dé yunifásítì. Nígbà tó sì jẹ́ pé àwọn ọmọ kan ti ń ní kí ẹ̀rọ onílàákàyè, èyí tí wọ́n ń pè ní AI, bá àwọn kọ iṣẹ́ àṣetiléwá, Tíṣà da àròkọ gbogbo wọn sínú ẹ̀rọ mìíràn tó ní òun mọ èyí tí AI kọ. Ti ọmọ rẹ̀, tó dáa ju ti gbogbo wọn lọ, ni ẹ̀rọ náà ní AI kọ!

Ọ̀gá ilé ìwé ní, "Ẹ pè é, kẹ́ ẹ bi í ná."

"Kí wọ́n lè ní mò ń gbè sẹ́yìn ọmọ mi? Rárá o, sà."

Lójú ẹsẹ̀ ló fi àròkọ ọmọ tó ṣìkejì ránṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún. "Màmá, èmi ni mo kọ ọ́!"

"Lọ jókòó."

Hà! Abiyamọ! Ọ̀rọ̀ náà dun èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí dé egungun.

Nígbà tí wọ́n délé, bàbá ọmọ, tó jẹ́ télọ̀, gbọ́ ọ, ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó ka àròkọ náà. Ó bi ọmọ pé, "Kí ló dé tó o fi bẹ̀rẹ̀ àròkọ ẹ látorí bọ́tìnnì?"

"Torí òun lẹ kọ́kọ́ máa ń tú kẹ́ ẹ tó gé aṣọ àlòkù. Ẹ ní èèyàn kì í gé ohun tó ṣì wúlò mọ́ ìdọ̀tí."

Bàbá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣé AI wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi ni? Ọ̀rọ̀ tó o kọ fún ìsìnkú ìyá ẹ lọ́jọ́sí, kí AI tó dé rárá, fi sínú ẹ̀rọ yẹn ká wò ó."

Tíṣà fi sí i. Ẹ̀rọ ní AI ló kọ ọ́.

"Ẹkún tí mo fi kọ ọ́ ńkọ́?" Tíṣà ló ké bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tó fi sáré dé ọ́fíìsì ọ̀gá. Wọ́n ti ti ìforúkọsílẹ̀ ìdíje náà pa. Tíṣà bẹ ọmọ rẹ̀ lójú gbogbo kíláàsì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ọmọ ní, "Mo ti gbọ́, Mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lẹ bi. Ẹ ò bi mí."

Títí di òní, kò tíì kọ àròkọ mìíràn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, AI wúlò o, ẹnikẹ́ni ò ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ jẹ́ kó ran ọmọ lọ́wọ́ láti lóye, kó má ṣáà bá a kọ ohun tó yẹ kó fúnra ẹ̀ kọ. Bẹ́ ẹ bá sì fura, ẹ ní kó fẹnu ara ẹ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀, torí ẹ̀rọ tó ń dájọ́ yẹn máa ń ṣìnà. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ gbọ́ tẹnu ọmọ kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́bi.