Ẹ̀ka Ojú Fèrèsé

"Bàbá, ẹ̀ka tó tutù yọ̀yọ̀ lẹ ń gé, ẹ wá ń fi èyí tó rí jákujàku sílẹ̀. Ṣé ojú yín ò ríran mọ́ ni?"

Orí igi ólífì ni bàbá mi àgbà, Khemais, wà, tòun ti ayùn. A ti kórè tán ní abúlé wa lẹ́yìn ìlú Sfax, igi títọ́ ló kù, ìyẹn gígé àwọn ẹ̀ka tí kò wúlò.

"Neziha, ẹlẹ́nu bí abẹ! Àwọn tó ń dán yìí, omi lásán ni wọ́n ń mu, wọn kì í so. Tí mi ò bá gé wọn, wọ́n á febi pa àwọn tó ń so." Ó fi ayùn tọ́ka sí ẹ̀ka ńlá kan tó tẹ̀ sójú fèrèsé. "Ọ̀la ni tìyẹn. Ṣa igi jọ, jẹ́ n gbọ́ràn."

Mo ń fi àwàdà bo ohun tó wà lọ́kàn mi ni. Ẹ̀gbà ti kọ lu ìyá mi àgbà, Aljia, tí mo ń pè ní Ìyá, lọ́sẹ̀ náà. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, èdè Lárúbáwá kò bá a padà. Èdè òkè Tamezret, níbi tí wọ́n ti gbé e níyàwó wá, nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Gbólóhùn kan ló ń sọ lásọtúnsọ, tó sì ń wo ojú mi, nítorí Bàbá kò gbọ́ èdè yẹn, èmi nìkan ló sì fi tọ́ dàgbà nínú ilé.

Mo gbọ́ ọ rí. Mo sọ ọ́ rí, geere bí omi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀rẹ́ mi Raoudha gbọ́ tí mo fi dá Ìyá lóhùn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. "Yéè! Ará òkè! Ẹ wá gbọ́ ewúrẹ́ tó ń ké!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí Ìyá bá fi èdè òkè bá mi sọ̀rọ̀, Lárúbáwá ni mo fi ń fèsì. Ó máa ń wò mí díẹ̀, kó tó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Chedlia, olùkọ́ tó ń kọ́ wa nípa ara èèyàn. "Tíṣà, ṣé mo ti ń ya òmùgọ̀ ni? Ohun tí mo mọ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́fà, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́ ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Ṣebí ọmọ-ọmọ Khemais atọ́gi ni ẹ́? Ọpọlọ ọmọdé máa ń ta okùn láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ju èyí tó nílò lọ. Bó ṣe ń dàgbà, ó ń tọ́ ara rẹ̀. Okùn tó o bá ń lò á le sí i, iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán á máa yára gbabẹ̀ kọjá. Èyí tó o bá pa tì, ó lè gé e dànù. Bí orí ṣe ń gbó nìyẹn. Kì í ṣe òmùgọ̀."

"Ta ló wá ní kó gé tèmi?"

"Ìwọ ni. Ojoojúmọ́ tó o fi dákẹ́."

"Ṣé gbogbo ẹ̀ ló ti lọ?"

"Èmi náà ò lè sọ. Ó lè ku gbòǹgbò. Lọ wá a wò."

Mo sáré délé, mo jókòó ti Ìyá, mo di ojú. N kò lé ìtumọ̀. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo ń pè tẹ̀lé e. Ó yà mí lẹ́nu: gbogbo ìró inú ọ̀fun tí Raoudha kò lè pè, ẹnu mi ṣì mọ̀ ọ́n. Nígbà kẹta, ọ̀rọ̀ kan là bí iná. Azemmur.

"Bàbá! Igi ólífì ni! Ọ̀rọ̀ igi ólífì ló ń sọ!"

Bàbá fò sókè. "Háà, Aljia tèmi! Ó fẹ́ wo iṣẹ́ ni!" A gbé ibùsùn rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá na ọwọ́ rẹ̀ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sókè, ó tún gbólóhùn náà sọ, kíkankíkan. A rò pé ó ń yin Bàbá ni. Bàbá juwọ́ sí i, ó gun igi, ó sì gé ẹ̀ka ojú fèrèsé lulẹ̀.

Ìyá kò sọ gbólóhùn náà mọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà, ó kú.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo bá ìyá arúgbó kan lọ́jà, ará Tamezret tó ń ta ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ. Mo gbé gbólóhùn náà kalẹ̀ fún un bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Ọmọ mi, ẹnu ẹ mọ́! Ohun tó o sọ ni pé: 'Ẹ̀ka ólífì tí mo ń so aṣọ ọmọ mi rọ̀ sí kó lè sùn, ẹ má gé e.'"

Èmi ni ọmọ náà. Abẹ́ ẹ̀ka yẹn ló ń so mí rọ̀ sí nínú aṣọ, tó ń fi èdè yẹn rẹ̀ mí lẹ́kún. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Àbọ̀ dé inú mi, kò rí ibi tí yóò ti di odindi.

Mo tún èdè náà kọ́ lẹ́nu obìnrin yẹn. Ó yá ju bí mo ṣe rò lọ. Gbòǹgbò wà lóòótọ́. Irun mi ti funfun báyìí, mo wà nílẹ̀ òtútù níbi tí ólífì kì í hù, mo sì ń fi èdè náà bá ara mi sọ̀rọ̀ láràárọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ayùn ń ṣiṣẹ́ nínú orí yín lọ́wọ́lọ́wọ́. Ohun tí ẹ bá ń lò ló máa dá sí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹlẹ́yà bá yín yan ẹ̀ka tó máa gé.