Eku Kú Mọ́ Ológbò Lọ́wọ́

Ojú Abẹ́rẹ́ àti ti ọmọkùnrin kan ṣe mẹ́rin lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn. Nínú àwọn ìwé ìfẹ́ tí Abẹ́rẹ́ máa ń kà, irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni ọkàn ọmọge máa ń fò fẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàtà ọmọkùnrin náà ti wà lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ṣé o fọ́jú ni?" Abẹ́rẹ́ jágbe mọ́ ọn.

"Ìwọ tó o ríran, kí ló dé tí o ò yà?"

Ológbò ni àwọn ẹgbẹ́ ọmọkùnrin náà ń pè é, torí kì í ṣẹ́jú bó bá ń wo èèyàn. Abẹ́rẹ́ ní tirẹ̀, ara ló fi kéré. Ẹnu rẹ̀ mú ju orúkọ rẹ̀ lọ.

Ọ̀la ni ìdánwò kọ̀ǹpútà. Arúgbó pátápátá ni àwọn kọ̀ǹpútà náà, ọ̀kan ò tilẹ̀ gbé àwòrán jáde mọ́. Tíṣà ní kí Ológbò ki káàdì àwòrán mìíràn, pátákó tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, bọ inú rẹ̀, kí Abẹ́rẹ́ tan tọ́ṣì fún un.

"Dì í mú dáadáa," Ológbò wí. "Tọ́ṣì nìkan náà ni irú ẹ̀yin ọmọbìnrin mọ̀ ọ́n dì mú."

Abẹ́rẹ́ gbé ìbínú mì. Nínú irú ògbólógbòó ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà ni ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan fi ń pe ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Bí ẹ̀yà méjì bá ń pè é lórí nọ́ńbà kan náà, ìjà dé nìyẹn, ọ̀kan á sì kú. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ṣì bọ́ sórí káàdì: ìdè kékeré ara rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń yan nọ́ńbà fún un, wà lójú nọ́ńbà kejì, ibi tí máòsì tí tíṣà ń pè ní eku wà gan-an. Abẹ́rẹ́ la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Jẹ́ kó tẹ́."

Wọ́n tan ẹ̀rọ, àwòrán jáde, tíṣà pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan eku.

Lọ́jọ́ kejì, tíṣà pín ìjókòó. Ta ló bọ́ sídìí ẹ̀rọ náà? Abẹ́rẹ́ ni! Bó ṣe ṣí àwòrán tí wọ́n ní kó tún ṣe, ọfà ojú kọ̀ǹpútà dúró gbagidi. Ó ti eku lọ, ó fà á bọ̀. Òkú ni. Ó mọ ohun tó pa á, ṣùgbọ́n bó bá tú ẹ̀rọ, wọ́n á bi í bó ṣe mọ̀.

"Ẹ gbà mí, sà! Ológbò ti pa eku mi!"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ lo fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí kẹ́yìn, Ológbò. O mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ torí ìjà àná."

"Sà, mi ò mọ nǹkan kan..."

"Pa ẹnu dé! Bọ́ síta! Ìdánwò tìrẹ di ọdún tó ń bọ̀." Tíṣà fa ìwé yọ, ó ń kọ lẹ́tà sí bàbá Ológbò. "Abẹ́rẹ́, lọ sídìí ẹ̀rọ mìíràn, màá fi àkókò kún tìrẹ."

Lẹ́nu ọ̀nà, Ológbò bojú wẹ̀yìn. Ojú wọn tún pàdé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣẹ́jú. Omi ti kún ojú rẹ̀.

"Sà, ẹ má kọ ọ́ mọ́," Abẹ́rẹ́ wí. "Nọ́ńbà kan náà ni káàdì àti eku wà. Mo rí i lánàá. Mo dákẹ́ kó lè tẹ́."

Abẹ́rẹ́ tú ẹ̀rọ, ó sún ìdè náà síbòmíràn, eku jí. Ṣùgbọ́n ojú tíṣà kò rọ̀. Ó fa lẹ́tà àkọ́kọ́ ya, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

"Ẹni tó bá gbẹ́ kòtò ìkà ńkọ́, Abẹ́rẹ́?"

"Kó má gbẹ́ ẹ jìn, sà."

"Bọ́ síta. Ológbò, wọlé wá jókòó."

Nígbà tí ìdánwò parí, Ológbò ni tíṣà fi lẹ́tà rán sí Abẹ́rẹ́ níta. Abẹ́rẹ́ ń retí pé ọmọkùnrin náà yóò dúpẹ́.

"Bàbá rẹ ni kó o fún," Ológbò wí. "Mo sọ̀sọkúsọ sí ọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ò pa eku. Dídákẹ́ rẹ ló pa á."

Ó ti wá yé Abẹ́rẹ́ pé ẹni tó rí ewu tó dákẹ́ nítorí ìkórìíra, òun náà lọ́wọ́ nínú ewu ọ̀hún, ó sì lè jẹ́ òun gan-an ni yóò jókòó tì í lọ́la. Ó na ọwọ́ méjèèjì. Ológbò gbé lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.