Ojú Ìwé Tí Wọ́n Fi Òwú Pupa Rán

Àgádágodo wà ní títì, gíláàsì kò fọ́, àmọ́ ìwé ò sí níbẹ̀ mọ́. Ìyá Kọ́kọ́rọ́, tó ti ń tọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àdúgbò fún ọdún mọ́kàndínlógún, dúró síwájú àpótí òfìfo náà. Ìwé àkọsílẹ̀ Bàbá Ọlọ́kọ̀ ni wọ́n jí, ọkùnrin tó fi ọkọ̀ ojú omi gba àwọn ará àdúgbò là lọ́dún omíyalé.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dé, obìnrin kúkúrú kan tí kì í rẹ́rìn-ín.

"Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà?"

"Ẹyọ kan."

"Lọ́wọ́ ta?"

"Lọ́wọ́ mi."

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ ṣá?"

Wọ́n tú báàgì rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn: awò ojú, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, búrẹ́dì àná. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ló bá wọn di báàgì náà mú. Alága ìgbìmọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ó ní bí àsọyé ọjọ́ Sátidé bá parí tí ìwé ò jáde, kí ọlọ́pàá máa mú un lọ. Kí wọ́n wá pe èèyàn lólè lọ́jọ́ ogbó rẹ̀.

"Ẹ má sunkún, ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò ní. "Ọlọ́run mọ̀ pé ọwọ́ yín mọ́."

Ọlọ́run nìkan kọ́ ló mọ̀. Àbúrò yìí náà mọ̀.

Eléré ni wọ́n ń pè é. Òun ló máa ń wọ aṣọ àwọn èèyàn àtijọ́ níbi àsọyé oṣooṣù, tó ń sọ̀rọ̀ bíi pé òun gan-an ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá a wá iṣẹ́ náà. Pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń sùn, ara ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ibẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ní Sátidé, gbọ̀ngàn kún. Eléré wọ bàtà rọ́bà, ó gbé àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ dání, ó di Bàbá Ọlọ́kọ̀. Òfin eré náà ni pé ìbéèrè tí wọ́n bá bi í, ó gbọ́dọ̀ dáhùn bíi Bàbá Ọlọ́kọ̀. Ìyá àgbà kan nawọ́ sókè. Ọmọ-ọmọ Bàbá Ọlọ́kọ̀ ni, òun ló fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìwé náà, òun àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì ti jọ sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ǹjẹ́ ẹ fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ sómi lọ́jọ́ náà?"

Ì bá ní rárá, kó máa lọ. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ ti wọ ọkùnrin yìí lẹ́jẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àbúrò mi ni. Ọkọ̀ ti kún. Ó di etí ọkọ̀ mú, ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi mí sílẹ̀.' Mo fi àjẹ̀ gbá ọwọ́ rẹ̀."

Àwọn èèyàn ń nu ojú. Ìyá àgbà dìde.

"Láyé yìí, èmi nìkan ló mọ ìyẹn. Mo fi òwú pupa rán ojú ìwé méjì tí bàbá àgbà mi kọ ọ́ sí pọ̀ kí n tó gbé ìwé náà wá. Ta ló já òwú mi?"

Eléré ju àjẹ̀ nù, ó gba ẹ̀yìn ìtàgé sá. Bàtà kan já bọ́ lórí àtẹ̀gùn. Ó ti gun géètì ẹ̀yìn dé ìdajì kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó gbá a lẹ́sẹ̀ mú. Nínú àpótí aṣọ eré rẹ̀ ni wọ́n ti bá ìwé náà.

"Ta lo fẹ́ tà á fún?"

"Oníṣòwò ohun àtijọ́ kan. Mọ́ńdè ló ń bọ̀."

"Kí lo wá ń kà á fún?"

"Mo fẹ́ kí eré mi dùn."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Alága tọrọ àforíjì, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Ara tù ú, àmọ́ ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Eléré dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀ tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi mí sílẹ̀."

"Lọ́jọ́ tí wọ́n ń tú báàgì mi, ta ló dì í mú?"

Wọ́n mú Eléré lọ.

Nígbà tí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ délé, ó fa ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yọ. Ó wá jókòó síbi tí àbúrò rẹ̀ máa ń sùn, ó sì sunkún.