Áyọ́ọ̀nù Jó Aṣọ Pẹpẹ

“Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?” ni mo bi Ọmọ́yẹlé. “Kí ẹnì kan ṣẹ̀, kí wọ́n fìyà jẹ ẹlòmíràn? Bí Ọlọ́run bá fẹ́ dárí jì wá, ṣebí kó kàn dárí jì wá ni!”

Ọdún 1954 ni, nílùú Ọ̀jọ́. Èmi àti Ọmọ́yẹlé ọ̀rẹ́ mi ń múra ìgbọ́wọ́lé, Bíṣọ́ọ̀bù sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú láti gbọ́wọ́ lé wa lórí nínú ìjọ. Ọmọ́yẹlé ló kàn láti lọ aṣọ pẹpẹ ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n mo gba áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kò mọ̀ ọ́n lọ̀. Ẹnu mi kì í sinmi nígbà náà.

“Jésù fúnra rẹ̀ ló gbà láti jẹ ìyà náà,” Ọmọ́yẹlé dá mi lóhùn. “Ìfẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó fipá mú un.”

Mo gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ kí n lè fi ọwọ́ méjèèjì jiyàn. Àṣé orí aṣọ ni mo gbé e lé. Kí a tó gbóòórùn, ó ti jó o lu.

Ni Ọ̀gbẹ́ni Adéníjì, olùkọ́ ìjọ wa, bá wọlé. “Ta ló ba aṣọ yìí jẹ́? Bíṣọ́ọ̀bù ò ní gbọ́wọ́ lé onítọ̀hún lórí lọ́jọ́ Àìkú.”

“Èmi ni, sà,” ni Ọmọ́yẹlé sọ.

Mo sún sẹ́yìn kúrò nídìí áyọ́ọ̀nù. Ìyá mi ti rán aṣọ funfun fún mi, ó sì ti ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí wa ní Ìbà. Èmi tí mo ní kò dáa kí ẹnì kan jẹ ìyà ẹlòmíràn, ó wá rọ̀ mí lọ́rùn pé kí Ọmọ́yẹlé jẹ tèmi. Ìgbà tí mo rí omi lójú rẹ̀ ni ìtìjú bò mí.

“Irọ́ ló ń pa, sà! Èmi ni mo gbé áyọ́ọ̀nù lé e.”

Olùkọ́ yíjú sí àwa méjèèjì. “Ó dáa. Mo ti dárí jì yín. Ẹ̀yin méjèèjì ni Bíṣọ́ọ̀bù máa gbọ́wọ́ lé.”

Inú mi dùn, àfi bíi kí n fò sókè.

“Aṣọ pẹpẹ wá ńkọ́?” ni olùkọ́ bi mí.

Wọ́n lọ sílé wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì gbé aṣọ funfun tí wọ́n fẹ́ fi dá agbádá tí wọn yóò fi pàdé Bíṣọ́ọ̀bù jáde. Wọ́n fún mi ní sísọ́ọ̀sì.

“Gé e fún aṣọ pẹpẹ.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, aṣọ tuntun yín!”

“Abọ́sẹ̀dé, ṣé o rò pé ẹni tó ń dárí jini kì í pàdánù nǹkan kan ni?”

Lọ́jọ́ Àìkú, agbádá àtijọ́ ni olùkọ́ wọ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí wa. Mo ṣì ní ìbéèrè nípa ikú Jésù títí dòní, mo ṣì ń jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ẹlòmíràn bojú nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀. Ẹ jẹ́wọ́. Bí wọ́n bá sì dárí jì yín, ẹ wo ọwọ́ ẹni tó dárí jì yín dáadáa, kí ẹ mọ ohun tó fi sílẹ̀ nítorí yín.